Kì í Ṣe Ẹnì Kan Ló Ń Ṣàìsàn: Ohun Tí Aro àti Avrankou Lè Kọ́ Àwọn Ẹgbẹ́ Wa

Ìtàn tí a gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti Tokpota níbí, yóò sì rìn jìnnà díẹ̀ kó tó padà wálé. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á.

Ẹgbẹ́ àjọ kan wà ní Tokpota tí àwa náà wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, akápò mẹ́ta la yọ. Èyí àkọ́kọ́, a ní olè ni. Èkejì, a ní kò mọ ìṣirò. Ẹ̀kẹta, a ní ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ná owó ẹgbẹ́. Ìgbàkígbà tí a bá yọ ọ̀kan, a ó gbàdúrà, a ó pín obì, a ó sì sọ pé wàhálà ti parí. Oṣù mẹ́fà kò ní pé tí owó yóò tún dín, tí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àgbà kan á wá pa á lówe pé: "Ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà." Ìyẹn ni pé ẹnì kan ló ń ba ilé jẹ́. Ẹ wá ẹni náà rí, ẹ lé e jáde, ilé á tòrò.

Òwe ńlá ni, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló pa òwe mìíràn: "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru." Òwe yìí kò ní ká lé ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tí ẹnì kan ń ṣe, ohun tí àwa yòókù kò sọ, àti oorun tí gbogbo ilé kò rí sùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìtàn òní jẹ́ ìtàn àwọn tó mú òwe kejì yìí lò, láti orí ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú títí dé orí iṣẹ́ àti ẹgbẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÌTỌ́JÚ JẸ́ ÌTÌMỌ́LÉ

Ẹni tó bá gba Igolo kọjá sí Idìrókò, tó gba ọ̀nà Ìlaròó, yóò dé Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ la ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ní 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé kan ní Yábàá ní Èkó fún àwọn tí orí wọn dàrú. Ọgbà ìtìmọ́lé ló jọ ju ilé ìwòsàn lọ. Ní Abẹ́òkúta, nígbà ogun àgbáyé kejì, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ ogun tí ogun ti da ọpọlọ wọn rú. Èrò kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: inú orí ẹnì kan ni àìsàn wà, ẹ mú un kúrò láàárín ènìyàn, kí ara lè tu ìlú. Ẹ ò rí i pé òwe àkọ́kọ́ yẹn náà ni?

Àwọn tó wà nílé kò ṣe ohun tó sàn jù. Wọ́n ń so ènìyàn mọ́ igi. Ìkà kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀rù àti àìní ni. A máa ń sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dé bá mọ̀ pé òótọ́ ni.

ARO, 1954

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lámbò. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà dé, ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aro ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Ọdún 1954 la wí yìí, ilé náà kò sì tíì parí.

Dókítà mìíràn ì bá dúró de bíríkìlà. Lámbò kò dúró. Ó tọ àwọn àgbà abúlé tó yí Aro ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Àdéhùn kan ló fi sí i: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o. Ẹbí yìí ni yóò máa se oúnjẹ, yóò máa fọ aṣọ, yóò sì máa mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú tán, wọ́n á padà sábúlé. Ẹni tó lè roko á roko. Bí ijó tàbí ọdún bá wà lábúlé, wọ́n á bá wọn ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí ìyẹn yí padà. Nínú wọ́ọ̀dù, dókítà á rí aláìsàn lórí ibùsùn nìkan. Ní abúlé, ó lè rí ẹni tí aláìsàn ń bá jẹun, ẹni tó ń sá fún, àti ìgbà tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Ìyá tó tẹ̀ lé ọmọ wá ń kọ́ bí a ti ń bá àìsàn náà gbé. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, kì í ṣe ọmọ nìkan ló yí padà, ìyá náà ti yí padà. Àwọn ará abúlé náà yí padà, nítorí ẹni tí wọ́n ń pè ní wèrè ti di ẹni tí wọ́n jọ ń yọ èpò. Owó ilé àti iṣẹ́ wọlé fún wọn, ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó abúlé sì di ohun tí ilé ìwòsàn ń bá wọn bójú tó.

Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe pé ó gba gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ó mọ̀ pé wọ́n mọ ìdílé, wọ́n mọ èèwọ̀, wọ́n mọ ohun tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, àwọn ohun tí ìwé Lọ́ńdọ̀nù kò kọ́ ọ.

Iṣẹ́ yìí kò fara sin. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn àkọ́kọ́. Láti 1973 sí 1988, Lámbò ni igbákejì olùdarí àgbà fún àjọ ìlera àgbáyé. Ó kú ní 2004.

ỌDÚN KAN NÁÀ, NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ní 1954 yẹn kan náà, ní Bethesda ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Murray Bowen bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ìyá sínú wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọmọ wọn tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó yá, ó gba bàbá àti àwọn ọmọ yòókù mọ́ wọn. Ó fẹ́ wo gbogbo ilé bí ara kan. Ní 1956, Gregory Bateson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Palo Alto, ní California, kọ ìwé lórí bí ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé ṣe ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Bateson kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń kọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn ni.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ ilé kì í lọ tààrà bí okùn, ó máa ń yípo bí òrùka. Ẹ wo bàbá tó ń ti àpótí pa nítorí pé ọmọ ń jí owó. Ọmọ náà ń jí owó nítorí pé àpótí kì í ṣí, kódà lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa á. Bàbá rí olè, ó fi kọ́kọ́rọ́ kún kọ́kọ́rọ́. Ọmọ rí kọ́kọ́rọ́, ó wá ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Ta ló bẹ̀rẹ̀? Òrùka kò ní orí, kò ní ìdí. Bí a bá na ọmọ lónìí, yóò tún jí i lọ́la.

Ibì kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó yẹ ká sọ ọ́. Àwọn kan nínú wọn fi ẹ̀bi àìsàn ńlá lé àwọn ìyá lórí. Ìwádìí tó wá lẹ́yìn kò gbè wọ́n. Àìsàn ọpọlọ ńlá ní ọwọ́ ara, ti ọpọlọ àti ti ìran nínú, kì í ṣe ìyá ló ń dá a sílẹ̀. Ohun tí ilé lè ṣe ni pé kó mú ara yá kánkán, tàbí kó mú àìsàn pẹ́ lára. Ẹ̀kọ́ pàtàkì lèyí jẹ́ fún gbogbo wa: tí a bá ń wo bí nǹkan ṣe so kọ́ra, kì í ṣe láti wá ọ̀daràn tuntun. Bí a bá yọ ẹ̀bi lórí ọmọ, tí a gbé e ka orí ìyá, ibi tí a wà la ṣì wà.

Lápá tiwa níbí tó ń sọ Faransé, Henri Collomb ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn Fann ní Dakar títí di 1978. Ẹbí máa ń wà pẹ̀lú aláìsàn níbẹ̀. Aláìsàn, ẹbí, nọ́ọ̀sì àti dókítà á jọ jókòó, bí ará abúlé ṣe ń jókòó sábẹ́ igi, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á sọ ọ́.

LÁTI ILÉ DÉ IBI IṢẸ́

Báwo ni ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe wá di ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìwádìí Tavistock ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ní 1960, ọ̀kan nínú wọn, Isabel Menzies, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ló ké sí wọn: àwọn ọmọdébìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń sá lọ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn kò parí ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn ọmọ òde òní kò ní sùúrù.

Menzies kò bá wọn dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Ó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó rí i pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kún fún ẹ̀rù: ikú, ẹ̀jẹ̀, ìrora, ìhòòhò ẹni ẹlẹ́ni. Kí ẹ̀rù náà má baà pa wọ́n, ilé ìwòsàn ti gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Nọ́ọ̀sì kan á ṣe nǹkan kan fún ọgbọ̀n aláìsàn, kò ní dúró ti ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ibùsùn tàbí orúkọ àìsàn ni wọ́n fi ń pe ènìyàn. Ètò tí wọ́n ṣe láti dín ìrora kù ló wá ń mú kí iṣẹ́ náà má ní ìtumọ̀ mọ́. Àwọn tó ní àánú ènìyàn gan-an ni wọ́n ń sá lọ. Bí wọ́n bá gba ọgọ́rùn-ún ọmọ tuntun láìtún ètò náà ṣe, wọ́n á tún sá.

Ní 1978, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Chris Argyris àti Donald Schön, kọ ìwé lórí bí ẹgbẹ́ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní oríṣi ẹ̀kọ́ méjì ló wà. A ó fi télọ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Télọ̀ kan wà tí gbogbo aṣọ tó bá rán máa ń fún oníbàárà. Lójoojúmọ́ ló ń tú okùn, tó ń fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ̀kọ́ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gbé téèpù tó fi ń wọn ènìyàn sójú, tó rí i pé téèpù náà kò péye mọ́, ẹ̀kọ́ kejì dé nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ń yọ akápò lọ́dọọdún ń tú okùn aṣọ. Kò tíì wo téèpù.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwa tí a wà ní Tokpota mọ Songhaï tó wà ní Ouando, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ ti rí i: ìgbẹ́ adìẹ ń di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ń di oúnjẹ ẹ̀fọ́. Bí ẹja bá ń kú níbẹ̀, ẹni tó gbọ́n kò ní wo ẹja nìkan.

BOUAKÉ, AVRANKOU

Ìtàn tó sún mọ́ wa jù ni ti Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin wa níbí. Ó kúrò nílé lọ sí Côte d'Ivoire, ó ń tún táyà ṣe, ó ní táksí, ó lówó. Owó náà wó. Ìbànújẹ́ mú un débi tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Nígbà tó rí ara rẹ̀ gbà, òun àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàbẹ̀wò àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Bouaké ní 1983. Ní 1990, ó rí ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ dàrú tó ń wá oúnjẹ nínú ààtàn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mú wọn wálé. Ní 1994, ó rí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn.

Kì í ṣe dókítà. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tó dá sílẹ̀ ní ibùdó ní Benin pẹ̀lú, ọ̀kan wà ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Tokpota rárá. Oògùn wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà, wọ́n sì ń pe ènìyàn ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ lọ wò ni ti àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, tó fi dé orí àwọn kan tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó, aláìsàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n so mọ́ igi lánàá ló ń fún ẹlòmíràn lóògùn lónìí. Ó mọ ohun tí dókítà kò lè mọ̀: bí ṣẹ́ẹ̀nì ṣe ń dun ọrùn ẹsẹ̀, àti ìdí tí ènìyàn fi ń da oògùn nù. Ilé tó fi ẹni tó jẹ́ ìṣòro rẹ̀ lánàá ṣe olùkọ́, ilé tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Ní ọdún 2016, Daily Trust ní Nàìjíríà fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọmọ Áfíríkà tó ta yọ jù fún ọdún 2015. Ará òdìkejì ẹnubodè mọ iyì rẹ̀. Ṣé àwa náà mọ̀ ọ́n?

A PADÀ SÍ TOKPOTA

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí a fẹ́ yan akápò kẹrin, ìyá kan tó ń ta gàrí, tí a ti máa ń pè ní aláríwísí, dìde. Ó ní: "Ẹ má bínú o. Ta ló ti rí ìwé owó wa rí nínú gbogbo wa tí a jókòó síbí?" Gbogbo ilé dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣí òmíràn. A wá rí i pé ọjọ́ ọjà ni ìpàdé wa máa ń bọ́ sí, nítorí náà àwọn ìyá tó ń dá owó jù kì í sí níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń yá owó lọ́wọ́ akápò ní kọ̀rọ̀. Akápò kò lè kọ̀, nítorí ta ni yóò wí fún bàbá pé rárá? Kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àfojúdi ni láti kọ gbèsè àgbà sínú ìwé. Owó á dín. Àwọn ènìyàn á gbọ́, wọ́n á dáwọ́ owó tiwọn dúró. Akápò á fi owó ara rẹ̀ bò ó, kò ní tó. A ó pè é ní olè. Ẹni tó bá sì jókòó sórí àga náà, ohun kan náà ni yóò ṣe. Àga náà ló ń ṣàìsàn, àwa la sì kan àga náà.

A gbé ìpàdé kúrò lọ́jọ́ ọjà. À ń ka ìwé owó sókè ní gbogbo ìpàdé. Ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó yíyá, kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa kojú àgbà. Èyí tó ṣòro jù ni pé a lọ bá akápò àkọ́kọ́. Ó ti kó kúrò ní Tokpota nítorí ìtìjú. Wọ́n ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ olè nílé ìwé. A tọrọ àforíjì, a sì bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún wa. Ó pẹ́ kó tó lanu. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, òun ló kọ́ wa bí a ó ṣe máa kọ ìwé náà.

A kò ní pa irọ́ fún yín. Gbogbo owó kọ́ ló padà. Àgbà méjì kò wá sípàdé mọ́ títí di òní, ó sì dùn wá. Kì í sì í ṣe pé olè kò sí láyé. Bí ẹnì kan bá jalè, kó dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá ṣubú sínú kòtò kan náà, ó yẹ ká wo kòtò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ àjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mọ́ṣáláṣí, ìjọ, tàbí ilé ìwé tí ẹ ń ṣàkóso, kí ẹ tó yọ ẹnì kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò ṣe irú ohun kan náà? Kí ni gbogbo wa mọ̀ tí a kò sọ? Ta ni a ti pè ní oníwàhálà, tó jẹ́ pé òun ló rí i?

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lámbò kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé. Ahongbonon kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n so mọ́ igi. Àwa ní Tokpota kọ́ tiwa lọ́dọ̀ ìyá onígàrí àti ọkùnrin tí a lé lọ.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.